Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tọ́bò? Ẹ̀kọ́ Kan láti Allen Avenue

  Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé èmi tí mo máa ń kọ̀wé nípa òwe, orúkọ àti oríkì ń kọ̀wé nípa ọ́ìlì ọkọ̀ lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Bí èdè wa kò bá lè bá wa dé ìsọ̀ mẹkáníìkì, a jẹ́ pé inú ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni a sé e mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì ti ná ẹnì kan nínú ẹbí mi ní owó ńlá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó ra ọkọ̀ tókùnbọ̀ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, irú èyí tí tọ́bò wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ọkọ̀ náà yára tó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni ọ̀dọ́ ń jẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń tún ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ, kí tọ́bò lè máa fẹ́ atẹ́gùn ju bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé, ó pè mí: "Bọ̀dá mi, ẹ wá wò ó, ó ti di ẹkùn!" Lóòótọ́ ni, ó ti di ẹkùn. Ẹnì kankan nínú wa kò sì béèrè ohun tí ẹkùn ń jẹ.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ó ti ń bá ẹbí wa tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ni ó ti lọ pààrọ̀ ọ́ìlì. Bàbá mú 20W-50 tí ó máa ń dà sínú ọkọ̀ gbogbo wa. Ọmọ náà ti ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ìwé ọkọ̀ yìí sọ ni pé..." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwé òyìnbó nìyẹn, ọmọ mi. Ilẹ̀ tiwa gbóná. Ọ́ìlì tí ó bá ki ni ọ́ìlì." Ọmọ náà dákẹ́. Ilé rere ni ó ti jáde wá, kò lè máa bá àgbà jiyàn.

Kò pé oṣù mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Allen Avenue ní Ìkẹjà, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí fèrè. Kí ó tó rí ibi yà sí, èéfín aláwọ̀ búlúù ti bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn sì ń tẹ họ́ọ̀nù lé e lórí. Nígbà tí a tú tọ́bò náà, ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú rẹ̀ ti dí. Ọ́ìlì ti jóná síbẹ̀, ó ti di èédú. Owó tí ọmọ náà ń tọ́jú láti fi san owó ilé ni ó fi ra tọ́bò mìíràn.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó dá bàbá lẹ́bi. Èmi kò bá wọn dá a lẹ́bi pátápátá. Kí ẹ tó gbọ́ èrò mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ará Switzerland kan tí ń jẹ́ Alfred Büchi ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tọ́bò ní ọdún 1905. Èéfín tí ẹ́ńjìnì ń tú jáde ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ yìí ń yí èkejì rẹ̀, èkejì náà ni ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá irin tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, nígbà tí èéfín tí ń lu abẹ̀bẹ̀ lè gbóná tó ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́bò, ọ̀pá náà kì í fara kan irin tí ó gbé e dúró. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń léfòó sí. Ọ́ìlì kan náà ni ó tún ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ kí ó tó dé, tàbí tí ó jóná síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tí ó bá sì ti fi kún agbára ọkọ̀ ti fi kún ooru náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí nọ́ńbà tí ó wà lára gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì. Ẹni tí ó bá ti la ìgbà ọyẹ́ kọjá rí mọ̀ pé epo pupa máa ń dì nínú ìgò. Àwọn ìyá wa á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ó tó lè ṣàn. Ṣùgbọ́n bí epo kan náà bá dé inú ìkòkò gbígbóná, ṣe ni yóò máa ṣàn bí omi. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣe rí náà nìyẹn. Òtútù ń mú un ki, ooru ń mú un ṣàn. Ohun tí a ń wá ni ọ́ìlì tí kò ní ki jù ní òwúrọ̀, tí kò sì ní di omi nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná janjan.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, SAE, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1905 kan náà, ni ó ń ṣètò àwọn nọ́ńbà yìí. Nínú 5W-40, lẹ́tà W ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe ìgbà òtútù wọn. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nínú òtútù, nọ́ńbà kejì sì ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 100. Ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán 5W wò bóyá ẹ́ńjìnì yóò lè yí. Ti 20W, ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo ni. Èmi yóò pe nọ́ńbà kìíní ní kíki òtútù, n ó sì pe èkejì ní kíki ooru. Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣetán láti kọ́ ọ.

Ẹ wá rí ibi tí bàbá ti jàre. Ní Èkó, ó ṣọ̀wọ́n kí òwúrọ̀ tutù tó ìwọ̀n 20, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti abẹ́ òdo. Kíki ooru ni ó kàn wá jù, kò sì burú kí a ronú nípa ooru ilẹ̀ wa. Ẹ tún rántí àwọn ọkọ̀ tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá pọ̀ ní Èkó, ọdún náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá kò ní tọ́bò. Kò tilẹ̀ ní fíltà ọ́ìlì, asẹ́ lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì tí ó ki tí a sì ń pààrọ̀ léraléra kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ọgbọ́n ni.

Ibi tí bàbá ti ṣìnà ni pé ó fi ọgbọ́n Ìjàpá tọ́jú ẹkùn. Kíki nìkan kọ́ ni ìwà ọ́ìlì. Èyí tí ó dà sínú ọkọ̀ náà jẹ́ ọ́ìlì mineral, èyí tí a kàn fọ̀ láti inú epo rọ̀bì. Ooru tọ́bò tètè ń sun irú rẹ̀ di èédú. Ọ́ìlì synthetic, tí a fi ọgbọ́n ẹ̀rọ ṣe kí ó lè fara da ooru, kì í tètè jóná bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ní òwúrọ̀ Èkó pàápàá, 20W-50 máa ń ki ju 5W-40 lọ dáadáa, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tọ́bò. Ọ̀pá tí ń yí bí ìjì kì í mọ sùúrù.

Ọmọ wa náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀. Ó ná owó lórí agbára, kò ná kọ́bọ̀ lórí ohun tí yóò gbé agbára náà dúró. Bí ó bá sáré dé ẹnu ọ̀nà, ṣe ni yóò pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, nígbà tí tọ́bò ṣì gbóná bí iná alágbẹ̀dẹ. Ọ́ìlì tí ó bá dúró síbẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí, jíjóná ni yóò jóná.

Òwe wa sọ pé ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Àwọn baba wa mọ èyí nípa epo kí mọ́tò tó dé. Epo pupa ni ti Èṣù, àdí sì ni èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bọ Ọbàtálá kì í gbé epo pupa síwájú rẹ̀, òrí ni ó ń lò. Kò sí àwòrò tí yóò sọ pé epo gbogbo, epo ni. Kí ló dé tí àwa ọmọ wọn fi gbà pé ọ́ìlì gbogbo, ọ́ìlì ni?

Èrò tèmi rèé. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tọ́bò tí a ti fi kún agbára rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé ọkọ̀, kí ó wo àmì tí ilé-iṣẹ́ béèrè fún, irú bíi VW 502 00 tàbí MB 229.5, kí ó sì wá a lára gálọ́ọ̀nù. Bí ìwé bá gba 30 àti 40, kí ó mú 40 tí ó jẹ́ synthetic, irú bíi 5W-40, nítorí pé ooru ọkọ̀ rẹ̀ ti ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ó wo lẹ́tà API pẹ̀lú. SP jáde ní 2020, SQ tẹ̀lé e ní 2025, àwọn méjèèjì sì ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì tọ́bò kékeré lọ́wọ́ iná tí ń ràn kí àsìkò rẹ̀ tó tó. SF tí a ṣì ń rí lórí àtẹ jẹ́ ti ẹ́ńjìnì ọdún 1988 sẹ́yìn. Kí ó má dúró de kìlómítà 10,000. Ọkọ̀ tí ó lo wákàtí méjì láti Agége dé Allen kò rin ọ̀nà jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjì. Ní tèmi, 5,000 ti tó. Bí ó bá sì ti sáré, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó pa á.

Ìṣòro mìíràn ń bẹ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwọn kan máa ń ṣa gálọ́ọ̀nù òfìfo jọ, wọn á rọ ayédèrú kún inú rẹ̀, wọn á sì dé e bí tuntun. Àjọ SON ń sa ipá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa ni ìyókù wà. Ẹ ra ọ́ìlì níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ wo ìdérí kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ lu gálọ́ọ̀nù náà, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un lò. Ẹ má sì da ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ḿ sí gọ́tà. Omi òjò yóò gbé e lọ, ilẹ̀ àti odò wa ni yóò mu ún.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo padà lọ bá bàbá. N kò gbé ìwé òyìnbó dání. Mo kí i, mo jókòó, mo sì bi í léèrè bí epo pupa ti máa ń ṣe nínú ọyẹ́ àti nínú ìkòkò gbígbóná. Láti ibẹ̀ ni mo ti mú un dé orí 5W-40, mo sì fi èédú tí ó dí ihò tọ́bò náà hàn án. Ó yí i wò títí. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí láti ọjọ́ yìí, ṣé n ò ní gbọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ọmọ náà ní ìmọ̀, kò ní èdè tí yóò fi gbé e fún àgbà láìrí i fín. Bàbá ní ìrírí ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì fi èdè rẹ̀ kọ ohun tuntun fún un. Láàárín àwọn méjèèjì ni tọ́bò ti jóná. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ lónìí, ẹ má fi í sílẹ̀ sínú èdè tí ẹ ti bá a. Ẹ gbé e wá sí ìsọ̀.

Lóde òní, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Ṣé tọ́bò wà nínú rẹ̀?"