Fólítì Wo Ló Yẹ Fáànù Ìléru Símẹ́ǹtì?

Nílé iṣẹ́ símẹ́ǹtì, irú èyí tó wà ní Ewékorò tàbí Ṣàgámù, fáànù ńlá kan máa ń wà tó ń fa èéfín gbígbóná jáde nínú ìléru. Mọ́tò iná tó ń yí i lè tó 1,000 kìlówáàtì. Bí wọ́n bá fẹ́ ra irú rẹ̀, àwọn mìíràn á ní kó jẹ́ 415 fólítì, torí òun ni oníṣẹ́ iná gbogbo mọ̀ lọ́wọ́. Ìpinnu yẹn kò dára. 6,600 fólítì ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú tiransifọ́mà tirẹ̀.

Ní 415, mọ́tò náà á máa fa nǹkan bí 1,700 áńpíà. Ní 6,600, kò ju bí 107 lọ. Bí áńpíà bá sì di ìlọ́po méjì, iná tó ń di ooru dànù lára wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí ìsowáyà mọ́tò 415 tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wò: bàbà tó nípọn bí ọwọ́ ọmọdé, mẹ́ta mẹ́rin, ni wọ́n dì mọ́ ojú kan ṣoṣo. Bí bóòtì kan bá dẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ á gbóná, rọ́bà ara wáyà á dúdú, kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìgbà tí wọ́n bá tan án ni wàhálà gan-an. Mọ́tò tí wọ́n so mọ́ iná tààrà lè fa ìlọ́po mẹ́fà áńpíà rẹ̀, ìyẹn bí 10,000 ní 415. Fáànù yìí wúwo, kì í tètè dé ojú eré rẹ̀, fólítì ilé iṣẹ́ á sì máa wálẹ̀ títí tó fi máa débẹ̀. Bó bá wálẹ̀ ní ìdá 10 nínú 100, agbára tí mọ́tò fi ń yí á dín ní ìdá 19. Á wá pẹ́ sí i lórí ìbẹ̀rẹ̀, kọ́ìlì á sì máa gbóná. (Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ adarí-eré sí i, ìbẹ̀rẹ̀ á rọ̀, 690 fólítì náà á sì tó gbé yẹ̀ wò.)

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú so ó mọ́ wáyà 11,000 tó ti dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má ra tiransifọ́mà. Ṣùgbọ́n ní 11,000, ohun tí wọ́n fi ń bo bàbà kọ́ìlì nípọn débi pé ó ń gba àyè mọ́ bàbà lọ́wọ́. Mọ́tò á tóbi, á sì wọ́n. Bí àrá bá sán lu wáyà ìta, kò sí tiransifọ́mà tó máa kọ́kọ́ gbà á. Mọ́tò tó tó 5,000 kìlówáàtì sókè ni kí wọ́n fi 11,000 sílẹ̀ fún.

Òótọ́ ni pé 6,600 ń béèrè swíìṣì olówó ńlá àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tí kò ní fọwọ́ kan wáyà kó tó pa iná, kó tó fi àgádágodo tì í, kó tó so ó mọ́ ilẹ̀. Owó yẹn tọ́ sí níná. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní 3,300 nílẹ̀ kò nílò láti pààrọ̀ rẹ̀: bí 214 áńpíà ni mọ́tò yìí á fà níbẹ̀, ìyẹn kò sì pọ̀ jù.