Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Àríyànjiyàn kan kò tíì rọlẹ̀ láàrin àwọn olóṣèlú wa: ó ha tọ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa fi owó ìlú bọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù? Ìjọba Ọ̀yọ́ ni ó ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976. Ṣùgbọ́n Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí í ṣe ti aládàáni, ni ó gba líìgì ní 2025. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń wí pé kí ìjọba ta tirẹ̀.

Àwa kò yára ṣe àmín sí i. Aládàáni ni ó ni Leventis United ti Ìbàdàn pẹ̀lú. Ó gba líìgì ní 1986, kò sì pẹ́ tí olówó rẹ̀ fi tú u ká. Ìṣirò owó ni ó ká wa lára. Bí gómìnà bá ń yan alága ẹgbẹ́, tí ó tún ń buwọ́ lu owó rẹ̀, ta ni yóò yẹ ìwé wò nígbà tí agbábọ́ọ̀lù kò bá rí owó oṣù gbà? Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ́kọ́ béèrè ìwé yẹn, kí wọ́n tó sọ ti títà.