Ilẹ̀ Kọ́, Ọ̀nà Àbọ̀ Ni: Èrò Kan Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Iná Ọkọ̀

Òjóò wà lójú títì tí ó lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ìsọ̀ rẹ́wáyà kan níbẹ̀, èyíinì ni ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí mo fẹ́ gbé síwájú gbogbo àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí.

Ọkọ̀ kékeré kan tí ó ti dàgbà ni mo gbé lọ, ọ̀kan nínú àwọn tí búùtù wọn ń ṣí sókè tòun ti gíláàsì ẹ̀yìn. Àìsàn rẹ̀ yani lẹ́nu. Bí mo bá tan wáípà ẹ̀yìn, wáípà kò ní mira, ṣùgbọ́n iná nọ́ńbà ọkọ̀ yóò máa tàn bàìbàì, bẹ́ẹ̀ n kò tan iná kankan.

Ọmọ iṣẹ́ pààrọ̀ gílóòbù, kò sí àyípadà. Ó pààrọ̀ fíyúùsì, bákan náà ni. Ọ̀gá rẹ̀ wá mú wáyà kúkúrú kan. Ó fi orí rẹ̀ kan mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tí ó ti ha ọ̀dà kúrò, ó fi orí kejì kan ojú ẹ́ẹ̀tì mọ́tò wáípà. Lójú ẹsẹ̀, wáípà bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ọ̀gá ní, "Ẹ́ẹ̀tì ló já. Iná ń lọ, kò rí ọ̀nà bọ̀." Nígbà tí ó fa rọ́bà tí ó bo àwọn wáyà lẹ́bàá híńjì búùtù, a rí i pé wáyà kan ti kán nínú awọ rẹ̀. Ìgbàkúùgbà tí a bá ṣí búùtù tàbí tí a bá tì í ni àwọn wáyà wọ̀nyí ń ṣẹ́po. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, bàbà inú wọn a máa kán. Iná tí kò rí ọ̀nà bọ̀ láti inú mọ́tò ni ó yà gba inú iná nọ́ńbà àti àwọn iná ẹ̀yìn kọjá kí ó tó dé ara irin ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjèèjì tí ọ̀gá yìí sọ. "Ẹ́ẹ̀tì ló já" kò là mí lóye. "Iná ń lọ, kò rí ọ̀nà bọ̀" ni ó ṣàlàyé àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀-ìperí tí à ń wá kiri ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí a bá tẹ̀lé èdè Gẹ̀ẹ́sì, "ilẹ̀" ni a óò pe ohun tí ó já yìí. Ilẹ̀ wo? Orí táyà rọ́bà ni ọkọ̀ dúró lé. Irin ara ọkọ̀ ni iná ń gbà padà sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Àwọn òyìnbó ní ìdí tiwọn. Ní 1838, Carl August von Steinheil fi hàn ní Jámánì pé ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ gan-an lè jẹ́ ọ̀nà tí iná tẹligíráàfù yóò gbà padà, tí wáyà kan ṣoṣo yóò fi tó. Orúkọ náà bá ohun tí wọ́n ń ṣe mu nígbà náà, wọ́n sì gbé e wọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn náà. Ìtàn tiwọn nìyẹn. Kò di dandan kí a rù ú.

Kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni mo ń jà fún. Nínú ilé, wáyà ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Ààbò ni ó wà fún: kò yẹ kí iná gba inú rẹ̀ àfi bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ́ nínú ọkọ̀ pé ẹ́ẹ̀tì ni iná ń gbà bọ̀ lè dé inú ilé kí ó so gílóòbù mọ́ wáyà ilẹ̀. Gílóòbù náà lè tàn. Ṣùgbọ́n bí irin tí a rì mọ́lẹ̀ kò bá gba iná dáadáa, ara fíríìjì àti gbogbo ohun tí a so mọ́ wáyà náà lè gbé iná. Fólítì 12 ni ti bátìrì ọkọ̀. Ti ilé jẹ́ nǹkan bí 230, ó sì ń pa ènìyàn. Orúkọ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra báyìí léwu.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí a pe ọ̀nà tí iná gbà dé ibi iṣẹ́ ní ọ̀nà àlọ, kí a sì pe èyí tí ó gbà padà ní ọ̀nà àbọ̀, ì báà ṣe wáyà tàbí irin ara ọkọ̀. Kí a fi "ilẹ̀" sílẹ̀ fún wáyà ààbò tí ó wọ inú ilẹ̀ ní tòótọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ́ẹ̀tì ti di tiwa, gẹ́gẹ́ bí bátìrì àti fíyúùsì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí bátìrì. Ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni; ẹni tí ó bá fi hàn wá ti ṣàlàyé rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọ̀nà àbọ̀ ń sọ, a kò lè fi ìka tọ́ka sí iṣẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sọ iṣẹ́, àyálò lásán kò tó. Onímọ̀ físíìsì náà lè wí pé iná inú ilé ń yí ìhà tí ó ń ṣàn sí padà léraléra, àti pé àlọ àti àbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ọ̀nà méjì ni yóò pé kí gílóòbù tó tàn, èyí sì ni ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Ìwé ọ̀rọ̀-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún iná ọkọ̀ yóò jẹ gbèsè fún àwọn rẹ́wáyà. Kí ó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí ó lọ jókòó ní ìsọ̀ wọn, kí ó sì máa fetí sí bí ọ̀gá ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́.