Ẹ Yé Gé Sípíríǹgì Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a rí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń ṣe sí ọkọ̀ wọn ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí a ṣe fún eré, ni ọkàn wọn ń fà sí: Honda Prelude, Toyota Celica, BMW àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tòkunbọ̀ tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ní òkè òkun kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ wò ó pé àlàfo tí ó wà láàárín táyà àti mọ́gáàdì pọ̀ jù, a sì máa fẹ́ kí ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ díẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́. A kò bá ọ̀dọ́ jà nítorí oge. Yorùbá ni wá. A mọ iyì aṣọ, a sì mọ iyì ẹṣin tí a dì ní gàárì dáradára. Bí a bá rẹ ọkọ̀ eré sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́, ìwúwo rẹ̀ yóò sún mọ́ ilẹ̀, kò sì ní í máa fì sọ́tùn-ún sósì bí ó bá ń yí kọ́nà. Ohun tí a ń bá wí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é.

Kí ni ọ̀nà náà? Onímọ́tò yóò gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì lẹ́bàá títì. Mẹkáníìkì yóò tú sípíríǹgì, yóò fi ẹ̀rọ ìgérin gé ìká kan tàbí ìká kan àbọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní í tú u. Iná gáàsì ni yóò rọ̀ sí i lára títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti parí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Inú onímọ́tò yóò máa dùn. Kò mọ̀ pé ikú ni òun fi owó kékeré rà.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Iná ni wọ́n fi mú un le ní ilé iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi iná tí a díwọ̀n dá a lára, kí ó lè máa tẹ̀ kí ó sì máa padà bọ̀ sípò ní àìmọye ìgbà. Ẹni tí ó bá fi iná gáàsì sun ún ti ba agbára yẹn jẹ́. Sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ yóò máa rẹ̀wẹ̀sì sí i, ó sì lè kán lójijì. Èyí tí a gé náà kò sàn jù ú lọ. Orí tí a gé kò bá ibùjókòó rẹ̀ mu mọ́. Bí ọkọ̀ bá gun òkìtì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ sínú kòtò, sípíríǹgì tí ó ti kúrú lè yọ kúrò ní àyè rẹ̀ pátápátá. Kí ni awakọ̀ yóò wá ṣe ní àárín Agege Motor Road, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń tú jáde láti ilé iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń dá títì kọjá?

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a ṣe é? Sípíríǹgì wà tí a dìídì ṣe láti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Eibach ní Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe é. Irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ó le ju ti àtijọ́ lọ, kí ọkọ̀ má baà máa jókòó lórí rọ́bà ìdíwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ rẹ̀ láti àárín wíìlì dé ẹnu mọ́gáàdì, nítorí sípíríǹgì ogún ọdún lè ti rẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀. Kí ó rí i dájú pé ti irú ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ni, àti ti ẹ́ńjìnì rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnì tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́ kì í lo sípíríǹgì kan náà. Kí ó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti gbó, kí ó pààrọ̀ òun náà, nítorí sípíríǹgì líle lórí ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú, ìfọ́ta ni. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń to wíìlì sí ìlà, nítorí ọkọ̀ tí ó bá rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ sínú, táyà a sì máa jẹ ní apá inú níbi tí ojú kò tó.

Ọ̀rọ̀ táyà yìí kan àpò wa. Nígbà kan, Ìkẹjà níbí ni Dunlop ti ń ṣe táyà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, ṣùgbọ́n kí 2010 tó dé, wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́ táyà. Láti ìgbà náà, owó ọjà òkè òkun ni a fi ń ra táyà. Ẹni tí ó gé sípíríǹgì láti fi ṣọ́ owó ná, ẹnu ọ̀nà onítáyà ni yóò ti san án padà.

Kí a sì rántí irú ọ̀nà tí a ní. Lóòótọ́, afárá Pen Cinema tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì 2021 ti mú ìrọ̀rùn bá àwọn ará Agége. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ kò dẹ́kun fífọ́ ọ̀nà, òjò kò dẹ́kun bíbo kòtò mọ́lẹ̀, òkìtì adínwọ́-eré sì wà ní àdúgbò gbogbo. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 kò ṣàdédé di ààyò. Ó ga nílẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì bá ọ̀nà wa mu. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹni tí yóò rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ níhìn-ín má ṣe kọjá mìlímítà 25, èyí tí kò ju fífẹ̀ àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó èyí tí ó dára, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ga. Gíga kì í ṣe ìtìjú.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. A ń ké sí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì: ẹ fi òfin de gígé sípíríǹgì láàárín ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ owó ẹni tí ó bá bẹ̀ yín. A ń ké sí àwọn aláyẹ̀wò ọkọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n máa wo abẹ́ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń wo iná àti bíréèkì. Ní Jámánì, sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, tàbí kí aláyẹ̀wò fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ tó jáde sí títì. Bí àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì bá ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀, kí ni àwa tí a ń rà á gbára lé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣe oge, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá yín wọ ọkọ̀ lè padà sílé. Àwa ti wí tiwa.