Agbẹjọ́rò kì í ṣe Ọlọ́run



Bàbá kan wà nínú kíláàsì wa ní alaalẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko gbé òun àti ẹbí rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́. Wọ́n ta àgbàdo, wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n dá owó jọ, wọ́n gbé e fún agbẹjọ́rò, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní avoká. Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n sinmi. Ọjọ́ ẹjọ́ pé, agbẹjọ́rò kò lọ, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Adájọ́ dá ẹjọ́ lẹ́yìn wọn. Ìgbà tí ẹni tó jàre mú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá sí oko ni wọ́n tó gbọ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ilé sọ? Wọ́n ní: «Ẹ fi sílẹ̀. Ó mọ̀wé jù wá lọ.»

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà. Ó mọ̀wé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí alágbàṣe bá gba owó yín tí kò ro oko, ṣé ẹ ó fi í sílẹ̀ nítorí pé ó mọ ọkọ́ lò jù yín lọ? Iṣẹ́ yín ni agbẹjọ́rò gbà. Aṣọ dúdú tó wọ̀ kò sọ ọ́ di ọba. Láti ayé àwọn amúnisìn ni ìbẹ̀rù yìí ti wà, nígbà tí wọ́n ń fi Faransé dá wa lẹ́jọ́, tí a kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Dahomey gba òmìnira ní 1960. Ìbẹ̀rù náà kò tíì lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ tí a jẹ̀bi ni ẹ̀bi agbẹjọ́rò o. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí pé ẹ ó jàre. Ẹni tó bá ṣe é, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lọ sí ẹjọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Bí kò bá ṣe é, ẹ má kọ́kọ́ lọ bá a jà. Ọjọ́ ń lọ! Ẹ sáré lọ bá akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ náà. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ló kù láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ọjọ́ náà kì í pọ̀, bí ó bá sì ti kọjá, ilẹ̀kùn tì nìyẹn. Ẹ lè gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwé yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbà á padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Bàtọnyé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ilé-ìwé lè bá yín kọ ọ́ ní Faransé. Bàtọnyé yóò gbọ́ ti agbẹjọ́rò náà pẹ̀lú, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, Bénin àti Togo wà nínú wọn, ṣe òfin kan náà lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà lè kìlọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀, wọ́n lè dá a dúró fún ìgbà kan, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ pátápátá. Ìjà lórí owó iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ bàtọnyé ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n ìyà tí ẹgbẹ́ bá fi jẹ ẹ́ kò dá ohun tí ẹ pàdánù padà. Ẹni tó fẹ́ owó ìtanràn gbọ́dọ̀ pè é lẹ́jọ́, kí ó fi hàn pé agbẹjọ́rò náà ṣàṣìṣe, pé òun pàdánù nítorí rẹ̀, pé ọ̀nà àtijàre wà ká ní ó lọ sí ẹjọ́. Ìwé ni a fi ń fi èyí hàn. Bàbá wa kò ní ìwé rèsú kan ṣoṣo. Ó gbé owó kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá a kọ lẹ́tà sí bàtọnyé nínú kíláàsì. Wọ́n gbé yíǹkì fún un kí ó tẹ̀ka. Ó kọ̀. Ó gba bírò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.