Ẹ̀tẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò: Ìrìn-Àjò Afẹ́ ní Ìgbèríko àti Omi Vridi

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti di àṣà báyìí kí àwọn ìjọba, àwọn onílé ìtura àti àwọn tí ń mú àlejò kiri máa pe ìrìn-àjò afẹ́ yòówù tí ó bá ti dé ìgbèríko ní ìrìn-àjò tí kò ba àyíká jẹ́. Bí wọ́n bá ti fi imọ̀ bo òrùlé, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ alájẹ̀ gbé àlejò kọjá omi, ọ̀rọ̀ parí lójú wọn. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé orúkọ náà kò tíì tọ́ sí ọmọ yìí. Vridi, ní ìlú Abidjan, ni a óò fi ṣe ẹ̀rí.

Ilẹ̀ iyanrìn tóóró láàárín òkun àti ọ̀sà Ébrié ni Vridi. Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ilẹ̀ náà já, tí wọ́n gbẹ́ ipa omi tí ó gùn tó kìlómítà 2.7, kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà. Ọ̀nà yìí ni ó sọ Abidjan di èbúté ńlá. Ní 1965, ilé iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Vridi. A kò sọ pé èyí kò mú èrè wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti rí oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú ìlú tí èbúté náà gbé ró. Ṣùgbọ́n omi kì í gbàgbé. Omi odò Comoé, tí ó ti ń ti iyanrìn kúrò lẹ́nu odò ní Grand-Bassam láti ìgbà ìwáṣẹ̀, rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù ní Vridi, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Ìgbì òkun wá ń kó iyanrìn dí ẹnu odò Grand-Bassam. A la ẹnu níhìn-ín, ẹnu pa dé lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, Grand-Bassam yìí kan náà ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2012, tí àwọn àlejò sì ń rọ́ lọ síbẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Probo Koala gba ẹnu ọ̀nà Vridi wọlé pẹ̀lú pàǹtí olóró tí ó ju tọ́ọ̀nù 500 lọ. Wọ́n dà á sí oríṣiríṣi ibi káàkiri Abidjan. Ìjọba kéde pé ó kéré tán ènìyàn 15 kú. Àwọn tí ó wá ìtọ́jú ju 100,000 lọ. Ní 2007, ilé iṣẹ́ Trafigura, tí ó háyà ọkọ̀ náà, bá ìjọba ṣe àdéhùn owó tí ó tó bílíọ̀nù 95 owó sẹ́fà. Kò sí arìnrìn-àjò afẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé kí àlejò tí ń lọ sí erékùṣù Boulay tàbí àwọn abúlé apẹja etí ọ̀sà má ju ọ̀rá sómi, a gbà, ó dára. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rá àlejò ni làpálàpá. Omi ìdọ̀tí ìlú ńlá àti ti ilé iṣẹ́ tí ń ṣàn sínú ọ̀sà kan náà ni ẹ̀tẹ̀.

Àwọn kan yóò jiyàn pé owó àlejò ni yóò tún omi ṣe. Kí wọ́n wo Ọ̀ṣun. Ní 2005 ni UNESCO gba igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé sára ogún àgbáyé. Ogunlọ́gọ̀ èrò ń wá síbi ọdún Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, àwọn tí ń wa góòlù lókè odò sọ omi náà di pupa bí ẹrẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún. Wọ́n ṣọ́ igbó, wọn kò ṣọ́ odò. Owó àlejò kò lè tún ohun tí agbára àlejò kò ká ṣe.

A kò sọ pé kí a pa ìrìn-àjò afẹ́ tì. Ní Casamance, ní Senegal, láti àwọn ọdún 1970, àwọn ará abúlé bíi Elinkine àti Enampore fi amọ̀ àti igi àdúgbò kọ́ ilé àlejò fúnra wọn. Wọ́n fi òdiwọ̀n sí iye ibùsùn, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 lé àlejò sá, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò bàjẹ́: ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ilé, òun náà ni ó ń pinnu iye tí ilẹ̀ rẹ̀ lè gbà.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń béèrè. Kí abúlé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó. Kí ẹni tí yóò kọ́ ilé ìtura fi ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ yóò gbà hàn kí ó tó fi ibi tí àlejò yóò sùn hàn. Kí a má sì fún ibi kankan ní orúkọ rere yìí láìjẹ́ pé a yẹ omi tí ó ń ṣàn wá sí ibẹ̀ wò láti òkè, títí kan ti èbúté àti ti ilé ìfọpo.

Iṣẹ́ tiwa, àwa onímọ̀ èdè, wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi 'ìdúróṣinṣin' túmọ̀ ohun tí àwọn aláṣẹ ń pariwo yìí. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé pé ìwà ọmọlúàbí ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí: ẹni tí ó dúró ṣinṣin kì í purọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèwọ̀: àwọn baba wa kò kàn ní kí a má ṣe é, wọ́n yan ẹni tí yóò mú arúfin. Ìlànà tí kò ní ẹni tí yóò mú un ṣẹ, àròyé lásán ni.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da oró síwájú ńkọ́? Kì í ṣe òun nìkan ni yóò tẹ̀ ẹ́. Apẹja etí ọ̀sà ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí àlejò tó dé.