Àdúrà Tí Aládùúgbò Kò Gbọ́

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9-18

Àwa ọmọ ìjọ Ẹlẹ́mìí mọ àdúrà gbà. Bí a bá pàtẹ́wọ́, tí a ké Halelúyà, ilé a mì tìtì. A kò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìṣọ́ òru bá parí ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ni à ń bá Ọlọ́run sọ títí di ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn?

Arábìnrin mìíràn ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò gbàdúrà mọ́. Ọmọ ọwọ́ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tí kò ì tí ì gbàgbọ́ kò fẹ́ ariwo. Yàrá kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń gbé. Ó rò pé bí ohùn òun kò bá jáde, àdúrà kò dé òkè. Díẹ̀díẹ̀, ó fi àdúrà sílẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni Bìlísì ti ń rí wa mú.

Ẹ wo Hánà. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà tilẹ̀ rò pé ọtí ni ó mu. Èèyàn tí ó wà nítòsí kò gbọ́, Ọlọ́run gbọ́. Nehemáyà náà gbàdúrà níwájú ọba, láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn (Nehemáyà 2:4-5). Kò ráyè kúnlẹ̀. Arákùnrin Lawrence, ará Faransé tí ó kú ní Paris ní ọdún 1691, fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná fún àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n jọ ń gbé. Ó kọ́ ara rẹ̀ láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò, bí ẹni tí ó wà lórí eékún.

Bí ọmọ bá wọlé tọ baba rẹ̀, tí ó ka gbogbo ohun tí ó fẹ́, tí ó sì sáré jáde kí baba tó lanu, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Èkíní, ẹ jí ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú ará ilé, kí ẹ ka ẹsẹ Bíbélì kan péré, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Èkejì, ẹ dákẹ́, kí ẹ rò ó. A kò ní kí ọkàn yín ṣófo. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni kí ó kún un. Bí ọkàn bá sáré lọ sọ́jà, ẹ fi ẹsẹ náà fà á padà. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Nínú mọ́tò, nídìí ọlọ, kí oníbàárà tó dé, ẹ bá Olúwa sọ gbólóhùn kan nínú ọkàn. Ohunkóhun tí ẹ bá rò pé ẹ gbọ́, ẹ fi Bíbélì wọ̀n ọ́n.

Kí oyún tó dé rárá ni Hánà ti lè jẹun, tí ìbànújẹ́ sì ti kúrò lójú rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ mi láti dákẹ́ níwájú Rẹ, kí n lè gbọ́ Ọ. Àmín.